Ojú Ọlọ Tó Ṣófo

Òkú Léon wà ní ìsàlẹ̀ àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn Òkè Ìsádi, níbi tí oòrùn kì í tètè dé. Àwọn tó ń wá oyin ló rí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 1964. Wọn kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n lọ pe àwọn ọlọ́pàá jàndáámù.

Zéphirin ló wá. Òun ni ọ̀gá àwọn jàndáámù ní Dassa. Ṣẹ́ẹ̀fù ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì. Ọmọ òkè yìí ni òun náà, ó sì mọ ọ̀nà náà láti kékeré, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó sinmi lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó débẹ̀.

Ó lóṣòó ti òkú náà. Itan ọ̀tún ti kán. Léon ti ya ẹ̀wù rẹ̀, ó fi di itan náà mọ́ igi kékeré méjì. Agolo ẹfun rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lára àpáta, níbi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó lè dé, ó ti fi ìka fa ìlà funfun méjì. Ìlà náà mọ́ kedere. Omi kò kàn wọ́n.

Zéphirin wò wọ́n títí. Òjò kan ṣoṣo ló rọ̀ lọ́sẹ̀ náà, ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló sì rọ̀. Nígbà tó ń gòkè bọ̀, ó ti rí àwọn ọfà funfun tí Léon kùn sí ojú ọ̀nà. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ti gbẹ kí òjò tó dé, wọ́n dúró dáadáa. Èyí tó kẹ́yìn, lórí àpáta ńlá, ti ṣàn wálẹ̀ bí omijé. Òjò bá a ní tútù. Léon ṣubú kété kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn òjò ló fa ìlà méjì yìí.

"Ìgbà wo ló kú?" ló bi Théodore, olùtọ́jú aláìsàn tó bá a wá.

"Kò tíì pé ọjọ́ kan, Ṣẹ́ẹ̀fù. Àná, bóyá ní ìrọ̀lẹ́."

"Àná jẹ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́bọ̀ ló ṣubú."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló pa á?"

"Òùngbẹ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú. Òtútù." Théodore nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ koríko. "Ká ní wọ́n rí i lọ́jọ́ Ẹtì, yóò máa tiro ni. Kò ní kú."

Zéphirin wo ìsàlẹ̀ òkè. Lọ́jọ́ Ẹtì, òun fúnra rẹ̀ dúró ní ẹsẹ̀ òkè yìí.

Ní ìgbà ogun Dàhòmì, orí Òkè Ìsádi ni àwọn baba ńlá sá sí. Ní ẹsẹ̀ rẹ̀, àpáta pẹrẹsẹ kan wà tó ní ojú ọlọ mẹ́rìnlá. Àwọn obìnrin ayé ogun ló lọ àgbàdo níbẹ̀ títí àpáta fi jin bí abọ́. Ilé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ẹni tó bá ń gòkè á mú òkúta kan tó kún ọwọ́, á gbé e sínú ojú ọlọ ilé rẹ̀. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, á gbé e kúrò, á sì jù ú sí òkìtì kan lápá ìlà-oòrùn. Òkìtì Àbọ̀ ni wọ́n ń pè é. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú tí òkúta ṣì wà nínú ojú ọlọ, ará ilé á mọ̀ pé ènìyàn àwọn ṣì wà lókè. Wọ́n á tan ògùṣọ̀, wọ́n á lọ wá a.

Ogun tán, àṣà náà kò tán. Ejò wà lókè, àpáta sì ń yọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan òkúta ilé ẹlòmíràn. Ọmọdé pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ ni Léon. Lọ́dọọdún, nínú oṣù Kẹjọ, àwọn onígbàgbọ́ máa ń wá láti ọ̀nà jíjìn síbi ihò Màríà tó wà ní Dassa. Àwọn aláṣẹ kan ní Cotonou rò ó pé ó yẹ kí àwọn àlejò wọ̀nyí rí àwọn òkè náà: ògiri àtijọ́ àwọn ọba, àpáta ńlá, àwọn ihò tí àwọn ènìyàn sá sí nígbà ogun. Wọ́n ní kí Léon la ọ̀nà sílẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀, kó fi ẹfun sàmì sí i. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè.

Ọjọ́bọ̀ ló gòkè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Odette ìyàwó rẹ̀ wá bá Zéphirin.

"Ṣẹ́ẹ̀fù, Léon kò sùn nílé."

Wọ́n jọ lọ síbi àpáta pẹrẹsẹ. Zéphirin ki ọwọ́ bọ ojú ọlọ ilé Léon. Omi òjò ló wà níbẹ̀. Kò sí òkúta.

"Ó ti sọ̀ kalẹ̀," ló sọ. "Bóyá ó bá ọkọ̀ àwọn ará Cotonou lọ sí Glazoué. Padà sílé, ọmọ mi."

Odette padà sílé. Zéphirin lọ jẹun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan náà, ó lọ síbi àdúrà rosárì ní ihò Màríà. Bàbá Dominique, arúgbó tó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, ló ń darí. Kí wọ́n tó parí, ó fi àdúrà Mo kí ọ Màríà mẹ́wàá kún un, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú láìrí àlùfáà. Nínú oṣù Kejì, ọmọ kan ṣoṣo tí Zéphirin bí ti kú ní Cotonou kí ọkọ̀ ojú irin tó gbé bàbá rẹ̀ débẹ̀, kí àlùfáà tó dé. Fún Zéphirin, oṣù méje ṣì jẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀. Ó di ọwọ́ arúgbó náà mú.

"Ẹ ṣé, Bàbá, tí ẹ rántí rẹ̀."

Dominique wolẹ̀. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì lọ.

*

Wọ́n sin Léon lọ́jọ́ Ajé. Wọn kò tíì kúrò ní ibojì tí Benoît, ẹ̀gbọ́n bàbá olóògbé, fi dá Zéphirin dúró.

"Ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹni tó gbé òkúta yẹn ló pa á. Ta ló lè fọwọ́ kan òkúta ilé wa? Èmi wà ní Gbaffo láti Ọjọ́rú, mò ń wa iṣu. Ta ló kù nílé? Obìnrin yẹn àti ọmọ ọdún mẹ́rin. Ṣé ọmọ ọdún mẹ́rin ló gbé e ni?"

"Kí ni yóò fi ikú ọkọ rẹ̀ ṣe?"

"Wọ́n jà lálẹ́ Ọjọ́rú. Gbogbo àdúgbò gbọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, ìdílé yóò jókòó. Obìnrin Glazoué á padà sí Glazoué. Martine á dúró lọ́dọ̀ wa."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi ná."

"Iṣẹ́ wo?" Benoît gbé ojú sókè. "Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ fún un lọ́jọ́ Ẹtì pé ọkọ rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀?"

Zéphirin dé fìlà rẹ̀, ó sì lọ.

Odette jókòó nídìí ààrò tí kò níná. Martine sùn lórí itan rẹ̀.

"Wọ́n ní o bá a jà."

"Mo bá a jà. Mo ní kó wá tún òrùlé ṣe, kó fi àwọn ará Cotonou sílẹ̀. Ó ní òrùlé kò ní sá lọ. Mo ní òkè náà kò ní sá lọ. Ó ní, 'Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn àlejò ń bọ̀.'" Ẹnu rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè ṣe é. "Mo ní kó kúkú lọ fẹ́ òkè náà."

"Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ńkọ́?"

"Ó po ẹfun rẹ̀ mọ́ omi gbágùúdá, kí òjò má lè fọ̀ ọ́ bó bá ti gbẹ. Ó fi ọwọ́ náà pa Martine lẹ́rẹ̀kẹ́. Títí di ọ̀sán ni ojú ọmọ funfun."

"Kò fọ ọwọ́ kó tó jáde?"

"Léon? Ó ní kí lòún fẹ́ fọ̀ ọ́ fún, nígbà tí òun tún máa ki ọwọ́ bọ ẹfun."

Nígbà náà, àmì ìka funfun ti ní láti wà lára òkúta tó gbé sínú ojú ọlọ. Zéphirin fi èyí pa mọ́ sínú.

"Ṣé ìwọ lo gbé òkúta náà?"

Odette wò ó. Kò gbé ohùn sókè.

"Ṣẹ́ẹ̀fù, ká ní mo rí òkúta níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, èmi fúnra mi ǹ bá gun òkè náà. Ẹ̀yin wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní kí n padà sílé."

"Èmi ni."

"Wọ́n fẹ́ gba Martine. Bí wọ́n bá gbà á, kí ló kù fún mi?"

Zéphirin mọ ohun tó máa ń kù. Kò sọ fún un.

*

Ràmọ́nù ló ń ta ẹfun fún Léon. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí ọjà, ó kún fún ṣúgà, ọṣẹ àti epo àtùpà. Kí Zéphirin tó kí i tán, ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Mo mọ ohun tó gbé yín wá. Mo bú u. Gbogbo ọjà ló gbọ́. Orí àpáta tí ìyàwó mi ń sá gbágùúdá sí ni ó kun ọfà rẹ̀ gba kọjá! Mo ní bó bá tún fi ẹfun kan ibẹ̀, òkè ni yóò gbé e mì. Ẹnu lásán ni, Ṣẹ́ẹ̀fù. Bí ẹnu mi bá ń pa ènìyàn, ìyàwó mi ì bá ti kú nígbà ogún."

"Ìwọ lo máa kọ́kọ́ kú!" ni ohùn obìnrin kan wí láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé.

"Ẹ gbọ́ nǹkan?"

"Níbo lẹ wà lọ́jọ́bọ̀?"

"Níbi tí mo wà yìí. Àbí èmi ni mo máa gun òkè? Ẹ wo ikùn mi dáadáa."

"Ṣé ẹ mọ ohun tí a ń fi òkúta ṣe ní ẹsẹ̀ òkè?"

"Mo mọ̀ pé ẹ ń kó wọn sínú kòtò. Ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti dé ìlú yìí, kò sí ẹni tó sọ fún mi rí pé, 'Ràmọ́nù, wá gbé tìrẹ.'" Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ọlọ́run kẹ́ ọmọkùnrin náà. Ó máa ń kí mi ní èdè Lárúbáwá. Gbogbo rẹ̀ ló máa ń ṣì sọ."

Ní ìrọ̀lẹ́, Zéphirin lọ síbi Òkìtì Àbọ̀. Ó ń gbé òkúta kọ̀ọ̀kan, ó ń yí i wò, ó ń tò ó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó tú òkìtì náà dé ìdí. Kò rí ẹfun lára ìkankan nínú wọn. Ẹ̀yìn ń dùn ún.

"Ta ló ń tú àbọ̀ ọlọ́mọ ká bí adìẹ?"

Ìyá Euphrasie ni. Ahéré rẹ̀ ló súnmọ́ ẹsẹ̀ òkè jù. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ọ̀pá ni ó fi ń rìn.

"Èmi ni, Ìyá. Zéphirin."

"Zéphirin ọmọ Claudine? O di ọ̀gá jàndáámù tán, o ṣì ń fi òkúta ṣeré."

"Òkúta Léon ni mò ń wá."

Arúgbó náà wá, ó jókòó ti ojú ọlọ. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó máa ń ki ọwọ́ bọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, bí bàbá rẹ̀ ti ṣe ṣáájú rẹ̀.

"Lọ́jọ́bọ̀ lẹ́yìn òjò, mo ki ọwọ́ bọ gbogbo wọn," ló wí. "Omi nìkan ni. Mo ní, ó dára, gbogbo wọn ti délé. Mo lọ sùn."

Nígbà náà, wọ́n ti gbé òkúta náà kí ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó lẹ́. Zéphirin jókòó sílẹ̀.

"Ìka ẹfun wà lára rẹ̀, Ìyá. Ẹni tó gbé e kò jù ú síbí. Bóyá ó sọ ọ́ sínú igbó."

Euphrasie gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan.

"Ẹni tó gbé e, ṣé ó mọ̀ pé ọmọ náà ti kú?"

"Kò tíì kú nígbà náà, Ìyá."

"N kò béèrè bóyá ó ti kú. Ohun tí ẹni náà rò ni mò ń béèrè."

Zéphirin yíjú sí i.

"Òkúta òkú kì í wọ òkìtì yìí," ni arúgbó náà wí. "Nígbà ogun, bí ènìyàn bá kú lókè, ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ló ń gbé òkúta rẹ̀ kúrò. Kò lè jù ú síbí. Àbọ̀ kọ́ nìyẹn, ẹni náà kò bọ̀. Ihò kan wà lápá ìwọ̀-oòrùn, lábẹ́ àpáta tó yọrí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń tò wọ́n sí. Mo kéré gan-an nígbà tí wọ́n gbé èyí tó kẹ́yìn síbẹ̀. A kò fẹ́ fi han àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ogun. A ní kí wọ́n má mọ̀ ọ́n."

"Ta ló tún mọ̀ ọ́n?"

"Èmi. Benoît, bàbá rẹ̀ ló fi hàn án. Àti Dominique, ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó ń tò ó. Àwọn yòókù ti kú."

Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ṣì kù. Zéphirin rọ́ wọ abẹ́ àpáta tó yọrí. Àwọn òkúta àtijọ́ wà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n ní ìlà, eruku ti bò wọ́n. Níwájú gbogbo wọn, ọ̀kan wà tí kò ní eruku. Ìka funfun mẹ́rin wà lára rẹ̀.

Ó fi ìka tirẹ̀ lé àwọn ìka náà. Wọ́n bá ara mu.

*

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gun alùpùpù lọ sí Gbaffo. Àwọn mọ́kànlá ló bá Benoît wa iṣu. Lọ́jọ́bọ̀, òjò kó gbogbo wọn sínú ahéré kan. Benoît rojọ́ títí òjò fi dá.

"Ó ní iṣu tiwa kéré sí ti bàbá òun," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "A bẹ òjò kó dá, kì í ṣe nítorí iṣu."

Ó padà sí Dassa, ó lọ bá fadá, àlùfáà ìjọ. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo. Fadá ṣí ìwé, ó fi ìka tọ́ ọ. Láti ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú títí di ọjọ́ Ẹtì, kò sí ẹni tó kú nínú ìjọ.

Oòrùn ti ń yẹ̀ nígbà tó dé ilé Dominique. Arúgbó náà jókòó lórí àpótí, ó ń nu ọ̀pá àbẹ́là ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló kọ́ Zéphirin ní àmì àgbélébùú.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá."

"Zéphirin. Jókòó."

Kò jókòó.

"Ìgbà wo lẹ gun Òkè Ìsádi kẹ́yìn?"

"Ó ti pẹ́. Orúnkún ò jẹ́."

"Lọ́jọ́ Ẹtì, ta ni ẹ gbàdúrà fún?"

Ọwọ́ Dominique dúró lórí ọ̀pá náà. "Ìwọ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún un."

"Mo dúpẹ́. Mo rò pé ọmọ mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Mo lọ bi fadá. Kò sí ẹni tó kú lọ́sẹ̀ yẹn, Bàbá. Kò sí ẹni tí ìlú mọ̀ sí òkú."

Ó mú òkúta náà jáde nínú àpò rẹ̀. Ó gbé e sórí ẹní, ó yí ìka funfun sókè.

"Ẹni mẹ́ta ló mọ ibi tí èyí wà. Ojú Ìyá Euphrasie ti fọ́. Benoît wà ní Gbaffo. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ rò pé Léon ti kú. Kò sí ẹni tó lè rò bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ àfi ẹni tó rí i nígbà tó ń ṣubú. Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Dominique gbé ọ̀pá àbẹ́là náà sílẹ̀, jẹ́jẹ́, kó má baà dún.

"Ihò kan wà lẹ́yìn àpáta ńlá," ló wí. "O mọ̀ ọ́n. Ìyá mi fi àwọn ọgbọ̀n ènìyàn pa mọ́ síbẹ̀. Wọ́n ń kọ ọ́ lórin."

"Mo mọ orin náà."

"Orin kò sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní ọmọ ọwọ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ ń ké. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ń dún lórí wọn. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu ọmọ. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ká ọwọ́ kúrò." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Egungun rẹ̀ wà níbẹ̀, nínú ìkòkò. Ọjọ́ tí ìyá mi ń kú ló sọ fún mi. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i láé. Lọ́dọọdún ni mo ń lọ jókòó tì í. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ rẹ̀ bọ́ sí."

"Ẹ bá Léon níbẹ̀."

"Ó ti rí ìkòkò náà. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ń kun ọfà sí ẹnu ihò. Mo ní kó yí ọ̀nà padà. Ó béèrè ìdí rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ó ní, 'Bàbá, òkú kò ní bínú, wọ́n á kàn di olókìkí ni.' Mo di agolo rẹ̀ mú. Ó fà á. Mo fà á. Ọwọ́ dùn mí, mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn lọ, òun àti agolo."

"Lẹ́yìn náà?"

"Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Kò dáhùn. Òjò bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ kò pe ènìyàn?"

"Bí òkúta bá wà nínú ojú ọlọ, gbogbo ìlú á gòkè pẹ̀lú ògùṣọ̀. Wọ́n á wọ inú ihò. Mo ní kí n kọ́kọ́ gbé ìkòkò náà kúrò. Lọ́jọ́ kejì, orúnkún mi wú, n kò lè rìn kọjá ihò Màríà. Mo ní, òkú ni. Òkú lè dúró."

Zéphirin wo ilẹ̀.

"Mo fẹ́ ju òkúta rẹ̀ sí Òkìtì Àbọ̀. Ì bá rọrùn. Ọwọ́ mi kọ̀. N kò lè purọ́ pé ó bọ̀."

"Ká ní ẹ jù ú síbẹ̀, n kì bá tí mọ̀ láé."

"Mo mọ̀."

Ohun kan kù. Zéphirin fẹ́ kó má kù. Ó wo arúgbó náà, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó kọ́ ọ ní àdúrà. Ṣùgbọ́n bí kò bá sọ ọ́, ẹlòmíràn á sọ ọ́ ní kóòtù.

"Bàbá. Kò tíì kú."

Dominique gbé ojú sókè.

"Ó dákú ni. Itan rẹ̀ ló kán. Ó dì í fúnra rẹ̀. Àbámẹ́ta ló kú. Ó fi ẹfun fa ìlà sí ara àpáta, ó ń ka ọjọ́. Kò kọ orúkọ yín. Kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ pé òkúta òun wà nínú ojú ọlọ. Ó ń dúró dè wá."

Dominique wo ìka funfun tó wà lára òkúta náà.

"Ìlà mélòó?"

"Méjì."

Arúgbó náà gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó fi bo ẹnu ara rẹ̀. Ó mú un dání níbẹ̀, kò sì sí ohùn kankan tó jáde.

*

Ní ìrọ̀lẹ́, ìdílé jókòó lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ti di ẹrù Odette. Dominique rìn wá láàárín wọn, Zéphirin tẹ̀lé e lẹ́yìn.

"Èmi ni mo gbé òkúta náà," ló wí. "Èmi ni mo wà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tó ṣubú. Obìnrin yìí kò mọ nǹkan kan."

Benoît dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Nígbà tó yá, ó lọ tú ẹrù Odette fúnra rẹ̀. Okùn náà le, ó fi eyín tú u. Kò lè wo ojú obìnrin náà.

"Ìyàwó wa," ló wí fún ẹrù náà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Zéphirin kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, títí kan ìyá, títí kan ìkòkò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó mọ̀ pé wọn yóò kà á sókè ní kóòtù, pé gbogbo ìlú yóò gbọ́, pé ohun tí arúgbó náà fẹ́ pa mọ́ kò ní ibì kankan láti wà mọ́.

Ọkọ̀ ojú irin Ọjọ́rú ló gbé Dominique lọ sí gúúsù. Odette wá bá Zéphirin ní ibùdókọ̀.

"Ẹ fún mi ní òkúta Léon."

"Kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rí ni. Ó ti wà nínú ọkọ̀."

Ó mi orí. Ọkọ̀ náà ti kọjá òkè àkọ́kọ́ kó tó tún sọ̀rọ̀.

"Lọ́jọ́ Ẹtì tí a jọ dúró níbẹ̀, ó ń kà, àbí?"

"Ó ń kà."

Odette di ọwọ́ Martine mú. Wọ́n lọ sílé.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, òkúta kan wà nínú ojú ọlọ ilé Léon. Òkúta kékeré ni, kò ju ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rin lè gbé lọ. Benoît kọjá, ó rí i, kò gbé e. Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Euphrasie ki ọwọ́ bọ ojú ọlọ náà, ó fọwọ́ pa òkúta náà yí ká, ó fi í sílẹ̀.

Zéphirin dúró níbẹ̀. Ó mọ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni lókè. Ó ti rí ibojì. Ilẹ̀ kò tíì ṣú.

Ó ṣa òkúta kan nílẹ̀, ó gbé e sínú ojú ọlọ ilé bàbá rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ ti kú, kò sí ẹnì kan nílé náà mọ́ tí yóò wá wò ó bí ilẹ̀ bá ṣú. Ó di okùn bàtà rẹ̀ kó le, ó sì gun òkè tí kò gùn lọ́jọ́ Ẹtì.